Kabúrétọ̀ alùpùpù: bí ẹ ṣe lè ṣètò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ geere, kí epo sì tọ́jọ́

Bí alùpùpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, jẹ́ẹ̀tì ńlá (idẹ kékeré oníhò tó ń bu epo) inú kabúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ki fọ́nrán wáyà bàbà bọ inú ihò rẹ̀ kí epo lè dínkù. Jẹ́ẹ̀tì náà kò sì jẹ̀bi. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí iye epo tó ń wọlé àfi tí ẹ bá ti yí iná (ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ fi ń fún un léré) kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹni tó ń fi alùpùpù rìn lójoojúmọ́ kì í sì í sábà yí i dé ibẹ̀. Láàrin sílóò àti ìlàjì iná ni ẹ́ńjìnnì ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì sílóò àti abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ ló ń bu epo fún un níbẹ̀, àwọn ni a ó sì jókòó tì jù nínú àlàyé yìí.

Kabúrétọ̀ onísílàìdì ti ẹ́ńjìnnì fọ́ọ̀-sítíróòkù láti 100 cc sí 150 cc ni a ń bá wí, irú èyí tí Keihin àti Mikuni ń ṣe. Sílàìdì ni ìlẹ̀kùn róbótó tí kébù ń fà sókè nígbà tí ẹ bá yí iná ní ọwọ́ ọ̀tún. Sílóò ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́

Kí gíráàmù bẹntiróòlù kan tó lè jó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ gíráàmù 14.7 ló nílò. Bí a bá fi lítà ṣírò rẹ̀, lítà epo kan ṣoṣo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi lítà 9,000. Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí eruku díẹ̀ nínú fílítà fi ń da gbogbo ìṣirò rú. Tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ìlọ́po 12.5 sí 13 epo, ẹ́ńjìnnì á lágbára jù lọ, ṣùgbọ́n epo á máa lọ. Tó bá wà láàrin 15 sí 16, epo á tọ́jọ́ bí ẹ bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá tún kọjá ìyẹn, ẹ́ńjìnnì á máa kọsẹ̀. Bí ẹrù bá sì wà lórí rẹ̀ tàbí tó ń gun òkè nígbà tí epo kò tó, ooru lè jó fáàfù sàláńsà, ó sì lè dá ihò sí orí písítíìnì. Ohun tí wáyà bàbà inú jẹ́ẹ̀tì ń fà nìyẹn: epo lítà díẹ̀ tí ẹ fi pamọ́ á di owó písítíìnì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kabúrétọ̀

Ọ̀pọ̀ àléébù tí à ń kà sí kabúrétọ̀ lọ́rùn, ibòmíràn ló ti ń wá. Fílítà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, ẹ sì fún un kí ọ́ìlì má ṣàn. Tó bá jẹ́ oníbébà, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú bọ́ síta, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Àlàfo ẹnu rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm, àwọn mìíràn ń lo 0.8 sí 0.9, ìwé alùpùpù yín á sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo orí fáàfù, wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ 0.05 sí 0.10 mm. Tí tápẹ́ẹ̀tì bá fún jù, fáàfù kò ní tì dáadáa, sílóò á máa lọ sókè-sódò, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí sùkúrù kabúrétọ̀ tó tí yóò fi dúró.

Ẹ wò ó bóyá ṣóòkù, tí ẹ máa ń fà kí epo lè pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ń padà sí àyè rẹ̀ pátá. Ṣóòkù tó há díẹ̀ péré máa ń mu epo ju àbùkù mìíràn lọ, kì í sì í pariwo. Kí kébù iná ní ìtúsílẹ̀ tó 2 sí 6 mm kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa sílàìdì. Ihò èémí tó wà lára ìdérí táǹkì kò gbọ́dọ̀ dí, nítorí epo kò ní lè ṣàn wálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ kò bá rọ́nà wọ táǹkì. Ní ti bíréèkì tó ń há, ṣéènì tó fún jù àti táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, gbogbo wọn ló ń jẹ epo. Ẹ ti alùpùpù sínú jíà òfo kí ẹ fi ọwọ́ tì í, ẹ ó mọ̀ bó bá wúwo.

Èyí tó ku ni afẹ́fẹ́ olè, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ máníífóòdù (páìpù tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì) wọlé láìgba inú kabúrétọ̀ kọjá. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó wà ní sílóò, kí ẹ fi ìgò afúnmi fún omi ọṣẹ díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí kabúrétọ̀ ti so mọ́ máníífóòdù àti ibi tí máníífóòdù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ti ń jò. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi epo tàbí oògùn ìfọkabúrétọ̀ ṣe àyẹ̀wò yìí, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyẹn lè gbiná lára sàláńsà gbígbóná. Omi ọṣẹ tó o.

Títú àti fífọ̀

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí sìgá tàbí iná ìdáná má sí nítòsí. Ẹ ti tápù epo. Ẹ tú sùkúrù ìṣanù abẹ́ abọ́ kabúrétọ̀, kí ẹ sì gba epo tó bá jáde sínú ìgò tí ẹ lè rí inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fìdí kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀ ìgò bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké. Bí ó bá pọ̀, táǹkì náà nílò fífọ̀. Ẹ má tíì da kabúrétọ̀ padà sórí epo olómi.

Àwọn sùkúrù abọ́ kabúrétọ̀ tí wọ́n ṣe ní Japan ní ojú agbélébùú tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti sùkúrùdíráfà tó wọ́pọ̀. Àmì JIS ni wọ́n ń fi mọ díráfà tó bá a mu. Bí ẹ bá fi èyí tí kò bá a mu yí i, orí sùkúrù á jẹ, wàhálà ńlá sì nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó yí i.

Kí ẹ tó yọ sùkúrù afẹ́fẹ́ tàbí ti epo, ẹ kọ́kọ́ dè é wọlé pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa ka iye yíyí tó gbà títí yóò fi kan ìdí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì lè padà síbẹ̀ bí nǹkan bá dàrú. Ẹ ṣọ́ sípíríǹgì, wáṣà àti róbà róbótó kékeré tó máa ń wà nídìí sùkúrù epo. Róbà náà máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ ọ́ nù láìmọ̀.

Gbogbo ohun tó jẹ́ róbà tàbí ike ni kí ẹ yọ kúrò kí ẹ tó fi oògùn ìfọkabúrétọ̀ kàn án. Jẹ́ẹ̀tì sílóò ni kí ẹ wò jù. Ihò rẹ̀ kéré gan-an, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 0.35 sí 0.40 mm, epo tó ti pẹ́ nínú abọ́ a sì máa gan mọ́ ọn lára bí gọ́ọ̀mù. Ẹ gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: ihò náà gbọ́dọ̀ ṣe róbótó pérépéré. Tí ó bá dà bí òṣùpá tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò mọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú oògùn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ tún wò ó. Ẹ má ki wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ bọ̀ ọ́. Idẹ rọ̀, irin á sì gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ka ìdá kékeré mìlímítà tó bá fi fẹ̀ sí i ni ẹ ó máa fi epo san títí ayé jẹ́ẹ̀tì náà. Bí ohun líle kan bá di dandan, fọ́nrán ọ̀rá tó rọ̀ ju idẹ lọ ni kí ẹ lò.

Ẹ fún oògùn sínú ihò sùkúrù afẹ́fẹ́ náà, kí ẹ wò ó bó ṣe ń tú jáde láti ojú ihò tín-ín-tín tó wà nídìí sílàìdì. Páìpù idẹ tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀, tí ihò wà káàkiri ara rẹ̀, ẹ fọ òun náà.

Ẹ fi gíláàsì tó tẹ́jú wo ojú ibi tí bóòtù ti so kabúrétọ̀ mọ́ máníífóòdù. Ẹni tó bá ń de bóòtù méjèèjì ju bó ṣe yẹ á tẹ etí rẹ̀, àárín á yọ síta, afẹ́fẹ́ olè á sì wọlé. Ẹ lè tún un ṣe: ẹ tẹ́ sáńpépà 400 sórí gíláàsì, kí ẹ máa fi ojú kabúrétọ̀ yí lórí rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi dán bákan náà. Ẹ fi róbà róbótó tuntun sí i, kí ẹ sì máa de bóòtù náà ní ìpààrọ̀, díẹ̀díẹ̀.

Fúlótà

Fúlótà ni ohun tó ń léfòó nínú abọ́, tó ń ti epo bó bá ti tó. Bí epo bá ga jù nínú abọ́, gbogbo jẹ́ẹ̀tì ló máa bu epo ju bó ṣe yẹ lọ; bó bá lọ sílẹ̀ jù, gbogbo wọn ni epo kò ní tó. Nítorí náà ẹ kò lè ṣètò ohunkóhun lórí fúlótà tí kò tọ́. Ẹ mì ín létí yín: bí ẹ bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti lu. Ẹ wo ẹnu abẹ́rẹ́ fúlótà. Bí ilà bá ti yí orí róbà rẹ̀ ká, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Láti wọn ìga rẹ̀, ẹ dá kabúrétọ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ahọ́n fúlótà á fi kan orí abẹ́rẹ́ láìtẹ sípíríǹgì kékeré inú rẹ̀, kí ẹ wá wọn ọ́ láti ojú gásíkẹ́ẹ̀tì sí òkè fúlótà. Iye mìlímítà rẹ̀ wà nínú ìwé alùpùpù, mìlímítà kan péré sì lè yí nǹkan padà. Bí ahọ́n rẹ̀ bá jẹ́ irin, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ike, kò ṣe é tẹ̀, àfi pípààrọ̀.

Sílóò

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú sùkúrù tó wà lára kabúrétọ̀ yín, torí oríṣi méjì ni, òdìkejì ara wọn sì ni wọ́n. Èyí tó wà ní apá fílítà sí sílàìdì, sùkúrù afẹ́fẹ́ ni: bí ẹ bá tú u síta, afẹ́fẹ́ á pọ̀, epo á dínkù. Èyí tó wà ní apá ẹ́ńjìnnì, sùkúrù epo ni: bí ẹ bá tú u síta, epo á pọ̀ sí i. Sùkúrù kẹta tó tóbi jù wọ́n lọ, tó ń gbé sílàìdì sókè, ni sùkúrù sílóò. Kò mọ nǹkan kan nípa ìpapọ̀ epo, eré ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń dá sí.

1. Ẹ de sùkúrù afẹ́fẹ́ (tàbí ti epo) wọlé pẹ̀lú ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí yóò fi kan ìdí. Ẹ má fi agbára sí i, orí rẹ̀ mú bí ẹ̀gún, ó lè kán sínú ihò. Ẹ wá tú u síta ní yíyí kan àti ààbọ̀.

2. Ẹ gun alùpùpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì tó tutù máa ń béèrè epo púpọ̀, ohun tí ẹ bá ṣètò nígbà náà kò ní bá a mu mọ́ bó bá gbóná.

3. Ẹ fi sùkúrù sílóò gbé e sí nǹkan bíi yíyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí wà láàrin 1,300 sí 1,500. Bí kò bá sí aago rẹ̀ lára alùpùpù, àwọn aago kékeré kan wà tí wáyà rẹ̀ ń yí wáyà púlọ́ọ̀gì ká.

4. Ẹ máa de sùkúrù afẹ́fẹ́ wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí, kí ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá máa tú u síta bákan náà títí yóò tún fi gbọ̀n. Ibi tí ẹ ń wá wà láàrin méjèèjì, níbi tí ìró rẹ̀ ti ga jù tó sì dán mọ́rán.

5. Ẹ fi sùkúrù sílóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà sí 1,400, kí ẹ tún ìpele kẹrin ṣe. Lẹ́ẹ̀mejì sábà máa ń tó.

Ẹ wá já iná gbà á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí eré ẹ́ńjìnnì bá dúró lókè kó tó wálẹ̀, epo kò tó tàbí afẹ́fẹ́ olè wà. Bó bá já wálẹ̀ kọjá sílóò, tó fẹ́ kú, tó wá gòkè padà, epo ti pọ̀ jù. Bí sàláńsà bá ń yìnbọn nígbà tí ẹ tú iná sílẹ̀ lórí ìrìn, epo sílóò kò tó, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì sàláńsà ń jò.

Ibi tí sùkúrù bá fìdí sí ń sọ̀rọ̀. Bí sùkúrù afẹ́fẹ́ bá dára jù nígbà tí kò tíì tó yíyí kan síta, ẹ́ńjìnnì ń wá epo: jẹ́ẹ̀tì sílóò kéré, tàbí, èyí tó wọ́pọ̀ jù, kò mọ́. Bó bá kọjá méjì àti ààbọ̀, jẹ́ẹ̀tì náà ti tóbi jù. Ti sùkúrù epo yí padà sí èyí: bó bá kọjá yíyí mẹ́ta, jẹ́ẹ̀tì kéré, bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátá, jẹ́ẹ̀tì tóbi. Ẹ tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ra jẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Abẹ́rẹ́

Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọwọ́ iná àti ara ilé rẹ̀, kí ẹ fi bírò fa ilà sí odo, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìlàjì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àti òpin. Ẹnu máa ń ya èèyàn láti rí bí òun kì í ṣe kọjá ilà kejì.

Láàrin ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ tó rọ̀ mọ́ sílàìdì ló ń dá epo. Orí rẹ̀ sábà máa ń ní ojú márùn-ún tí kílíìpù lè wọ̀. Ẹ rántí èyí dáadáa: bí kílíìpù bá gòkè, abẹ́rẹ́ á lọ sílẹ̀ nínú páìpù, epo á dínkù. Bí kílíìpù bá wálẹ̀, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀. Ojú kan ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó gùn ún.

Ìdánwò rẹ̀ ni pé kí ẹ mú iná dúró sí ilà ìdá kan nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà sí ìlàjì, ní ojú ọ̀nà tó gun òkè díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wúwo, tó ń ké bùrùbùrù, tí èéfín dúdú ń yọ, epo pọ̀. Ẹ gbé kílíìpù sókè ní ojú kan. Bó bá ń fà ń dẹ̀, tó ń dà bíi pé epo fẹ́ tán, epo kéré. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fa ṣóòkù díẹ̀ lórí ìrìn náà: bí ó bá dára sí i, epo kò tó, bó bá burú lójú ẹsẹ̀, epo tó tàbí ó pọ̀. Ojú tó ga jù tí ẹ́ńjìnnì ṣì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìfà láìdẹ̀ ni epo ti ń tọ́jọ́ jù.

Bí kílíìpù bá ti wà lójú tó ga jù tí epo ṣì ń pọ̀, ẹ yọ abẹ́rẹ́ náà síta, kí ẹ yí i síwá-sẹ́yìn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó ń dán tó sì tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti jẹ. Abẹ́rẹ́ máa ń gbọ̀n nínú páìpù idẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ihò páìpù náà á sì fẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹyin. Ibi tí epo alùpùpù tó ti rìn jìnnà ń gbà lọ nìyí, kò sì sí sùkúrù tó lè wò ó sàn. Abẹ́rẹ́ àti páìpù lẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀. Tuntun nínú ògbólógbòó kò pé.

Jẹ́ẹ̀tì ńlá

Ẹ padà sí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù yàn fún un, àyàfi bí ẹ bá ti pààrọ̀ fílítà tàbí sàláńsà. Nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì Keihin ni ìwọ̀n ihò rẹ̀: 98 jẹ́ 0.98 mm. Láti 98 sí 102 dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ojú ihò náà ti fi nǹkan bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i. Nọ́ńbà Mikuni lè jẹ́ ti ìṣàn epo, kì í ṣe ti ihò, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà ọ̀kan ra ti èkejì. Bí ẹ bá ń gbé níbi tó ga, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́ ní nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní mítà 1,000, epo á sì dà bí èyí tó pọ̀ jù. Níbẹ̀ nìkan ni jẹ́ẹ̀tì tó kéré díẹ̀ ti ní ìdí.

Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun dán an wò. Ẹ yí iná dé òpin lójú ọ̀nà tó dákẹ́, fún kìlómítà méjì, kí ẹ mú kíláàṣì kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ jẹ́ kó fi ara rẹ̀ dúró. Tánganran àárín púlọ́ọ̀gì tó ní àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ dára. Dúdú bí èédú: epo pọ̀. Funfun bí ẹfun: epo kéré, ẹ má gùn ún báyìí síwájú. Èyí tó lómi tó sì ń yọ̀ bí ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ ríìnì písítíìnì tàbí fáàfù ni, kabúrétọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Fún ẹ́ńjìnnì tuù-sítíróòkù, ẹ má ṣe dín jẹ́ẹ̀tì kù rárá láìsí ìdí: níbi tí wọ́n bá ti po ọ́ìlì mọ́ epo, bí epo ṣe dínkù ni ọ́ìlì ń dínkù, písítíìnì á sì há.

Bí kabúrétọ̀ yín bá ní róbà pẹlẹbẹ lábẹ́ ìdérí òkè, tí kébù kò fa sílàìdì tààrà, ẹ gbé róbà náà síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ fà á díẹ̀. Ihò bí orí abẹ́rẹ́ tó láti jẹ́ kí sílàìdì kọ̀ láti gòkè. Oògùn ìfọkabúrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan róbà yìí, nítorí á wú, kò sì ní bá àyè rẹ̀ mu mọ́.

Wíwọn epo

Ẹ gbé alùpùpù dúró lórí ìdúró àárín, ní ojú kan tó tẹ́jú, kí ẹ bu epo dé àmì kan lọ́rùn táǹkì. Ẹ rin kìlómítà 100 ó kéré tán, ní ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Ẹ padà sí ojú kan náà, ẹ bu epo dé àmì náà nínú ife tó ní ìwọ̀n. Bí kìlómítà 120 bá gba lítà 2.6, kìlómítà 46 ni lítà kan gbé yín. Bí ó bá di lítà 2.4 lẹ́yìn tí ẹ gbé kílíìpù sókè, ó ti di 50. Ohun kan ni kí ẹ máa yí láàrin ìwọ̀n kan sí èkejì, kí ẹ kọ ọjọ́, ojú kílíìpù, iye yíyí sùkúrù àti nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ tún bóòtù máníífóòdù dè nígbà tó bá tutù, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń joro díẹ̀, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì wò lẹ́ẹ̀kan sí i.